Òkun Kọ́ Ló Pa Bàbá Mi

Ọ̀rọ̀ bàbá mi tó ti lọ ni mo gbé wá lálẹ́ òní. Apẹja ni, ọmọ Ayétòrò ní etíkun Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná: òkun kọ́ ló pa á.

Ó di dandan kí n bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti sọ fún ẹnikẹ́ni pé apẹja ni bàbá mi, pé ó sì ti di olóògbé, ojú onítọ̀hún á rẹ̀wẹ̀sì, á ní, "Háà, omi ló gbé e lọ?" Rárá. Orí ibùsùn ló kú sí, lẹ́yìn tó ti darúgbó, tí tọmọtọmọ rọ̀gbà yí i ká. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí agbára fi tán nínú apá rẹ̀ ló fi ń wọ òkun, ó sì ń padà wálé. Àwọn ènìyàn á ní orí ló bá a ṣe é. Orí bá a ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí nìkan kọ́. Bàbá mi mọ òkun. Ìfẹ́ tó ní sí i, mímọ̀ ni. Èyí ni mo fẹ́ kí a jọ sọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Èkó, mo máa ń rí àwọn tó ń lọ sí etí òkun ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọ́n á jókòó sórí yanrìn, wọ́n á jẹ súyà, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á máa wo omi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tó dára ni. Òkun lẹ́wà, ó sì tọ́ kí ojú gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí bàbá mi kó jókòó wo òkun lásán rí. Bó bá dúró létí omi tó dákẹ́, iṣẹ́ ló ń ṣe, bí kò tilẹ̀ mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó ń wo ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ó ń wo àwọ̀ omi. Ó ń gbóòórùn ẹrẹ̀. Ó ń wá ohun tó yàtọ̀ sí ti àná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ìlú tó tọ́ ọ dàgbà, nítorí ẹni tí kò bá mọ Ayétòrò kò lè mọ irú ènìyàn tí bàbá mi jẹ́. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó. Àwọn onígbàgbọ́ kan tó ya kúrò nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Inúnibíni ló lé wọn kúrò ní abúlé wọn, wọ́n sì lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní bá wọn du ilẹ̀: orí ẹrẹ̀, níwájú òkun gan-an. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́ ilé lé e lórí. Wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà láti ilé dé ilé, kí ẹsẹ̀ má baà rì. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ odò kí ọkọ̀ lè máa rí ọ̀nà gbà lọ sí ìgbèríko. Gbogbo ohun tí wọ́n ní, ti gbogbo wọn ni. Ẹja tí ẹnì kan bá pa, inú àkójọ ni yóò lọ. Oúnjẹ àti aṣọ tí ẹnì kan bá nílò, láti inú àkójọ náà ni yóò ti jáde. Ní àwọn ọdún 1950, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò láti inú ẹ̀rọ tiwọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó jù ú lọ fíìfíì ṣì ń lo fìtílà. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe ọṣẹ, wọ́n ń ṣe bàtà. Àwọn òyìnbó ń rin ìrìn àjò wá wò wọ́n.

Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni bàbá mi wà nígbà tí wọ́n gbé e débẹ̀. Ìjọ ló ń pín iṣẹ́ fún àwọn ọmọ, ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi í sí. Ó ti mọ bí pákó ṣe ń rí lábẹ́ omi kí wọ́n tó jẹ́ kó bá àwọn àgbà wọ òkun. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ètò àjọní náà tú, olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n gba Èkó lọ, àwọn mìíràn ń pẹja kiri títí dé Kútọnu àti ilẹ̀ Kamẹrúùnù, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwa Ìlàjẹ. Bàbá mi dúró. Ó ra ọkọ̀ kan tí òun fúnra rẹ̀ ti bá wọn kàn nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, iwájú òkun kan náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́ títí dọjọ́ ogbó.

Obìnrin ni mí, àwọn obìnrin kì í sábà wọ òkun lọ pẹja lọ́dọ̀ wa. Ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ bàbá mi, ibi tí a ti ń tún àwọ̀n ṣe ni mo ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ni wọ́n bí mi, nítorí náà "Ìyá mi" ló ń pè mí, àfi bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́ ló máa ń pe orúkọ mi gan-an. "Ìyá mi, ẹ bá mi di etí àwọ̀n yìí mú." Bí mo bá ti di í mú báyìí, ọ̀rọ̀ òkun ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ kì í sábà yọ̀ sí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀n máa ń tú u.

Ó kọ́ mi pé omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì, àti pé ìkún tòní kì í bọ́ sí àsìkò kan náà pẹ̀lú ti àná. Ó máa ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i. Bàbá mi kò ní aago. Síbẹ̀, bó bá jí lóru, á ní, "Omi ti ń padà báyìí," bó bá sì jáde, bẹ́ẹ̀ ló ń rí. Ó kọ́ mi pé bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí bó bá di àrànmọ́jú, omi á kún ju ti ìgbà yòókù lọ, á sì tún fà jìnnà sẹ́yìn ju ti ìgbà yòókù lọ. Láàárín méjèèjì, omi á rọ̀. Ọjọ́ tí omi bá rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń lọ dẹ oríṣi àwọ̀n kan tí kò fẹ́ kí omi fà ya. Gbogbo ìṣirò yìí, inú orí ló wà, bí oníṣòwò ṣe ń mọ ẹni tó jẹ òun ní gbèsè láìkọ ọ́ sílẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni ọ̀rọ̀ ríru òkun. Ní àwọn oṣù bí oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ojú ọ̀run lè mọ́ kedere, kí ewé igi kan má mì, kí òkun ó sì máa ru bí ẹni pé ìjì ń jà. Èmi ọmọdé a máa bi í pé, "Bàbá, afẹ́fẹ́ dà?" Á ní, "Afẹ́fẹ́ wà. Kò sí níbí ni." Mo dàgbà tán kí n tó kà á nínú ìwé pé bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. Lásìkò yẹn, ìgbà òtútù ni lápá ìsàlẹ̀ ayé, ìjì ńláńlá sì máa ń jà ní ìhà gúúsù òkun Àtìláńtíìkì. Ìgbì tó bá jáde láti inú ìjì yẹn máa ń rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, á fi ọjọ́ bí mélòó kan rìn ín, kó tó wá fọ́ sí etíkun wa níbi tí a kò ti gbọ́ ohùn ààrá kankan. Bàbá mi kò ka ìwé náà. Ohun tó mọ̀ ni pé bí ìgbì bá gùn, tí èyí tó wà lẹ́yìn bá jìnnà sí èyí tó wà níwájú, ọ̀nà jíjìn ló ti wá, agbára rẹ̀ sì pọ̀ ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Ìgbì kúkúrú tó ń sáré lé ara wọn, afẹ́fẹ́ ilé ló bí i. Kò ní pẹ́ rọ̀.

Ó sì mọ ibi tí ènìyàn lè gbà kọjá. Ìgbì ńlá kì í dá wá. Díẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé ara wọn, lẹ́yìn náà omi á rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí àwọn mìíràn tó dé. Àwọn tí ara wọn kò balẹ̀ á ti ọkọ̀ wọ àárín èyí tó ń bọ̀. Bàbá mi á di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, omi á dé ìbàdí rẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni àwọn tó bá a lọ ń wò. Bó bá ti ju ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n á ti ọkọ̀, wọ́n á fò sínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á dún. Bó bá ń padà bọ̀, ó máa ń wá ibi tí omi ti ki, tó pupa dúdú bí ọbẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ tó pọ̀ nínú omi máa ń pa agbára ìgbì. Àwọn àlejò tó ń wá láti etíkun oníyanrìn máa ń sá fún ẹrẹ̀ yẹn. Ní ti bàbá mi, ẹrẹ̀ yẹn ló ń gbà wọlé.

Ọ̀nà tó ń gbà wá ẹja apo nìyí, èyí tí àbúrò mi ọkùnrin tó ń bá a lọ ròyìn fún mi, tí mo sì rí òun fúnra rẹ̀ tó ṣe é fún wa wò lórí ọ̀sà. Á pa ẹ́ńjìnnì. Á ní kí gbogbo ènìyàn pa ẹnu mọ́. Á ti àjẹ̀ bọ inú omi lóòró, á wá gbé etí rẹ̀ lé orí igi àjẹ̀ náà. Ẹja apo máa ń kùn lábẹ́ omi, inú àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú ikùn rẹ̀ ni ohùn náà ti ń wá, igi àjẹ̀ á sì gbé e wá sí etí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́. Bó bá gbọ́ ọ, á fi ìka hàn wọ́n ibi tí wọ́n máa ju àwọ̀n sí. Ní ti ṣáwá àti agbódó, ojú ló fi ń wá wọn, nítorí àwọn ẹyẹ òkun kì í fi ibi tí wọ́n wà pamọ́. Kúta kò nílò ọgbọ́n púpọ̀, ìwọ̀ tó lágbára ló fẹ́. Ṣùgbọ́n apo ni ẹja tó fẹ́ràn jù, mo sì gbà pé nítorí pé ó fẹ́ kí ènìyàn fetí sílẹ̀ ni.

Mo rántí ọjọ́ kan tí òkun dákẹ́ rọ́rọ́, tí gbogbo àdúgbò ń kó àwọ̀n jáde. Bàbá mi lọ wo omi, ó padà, ó ní òun kò lọ. Màmá mi ní kí ló ṣe é. Ó ní ohun tí òun rí kò tẹ́ òun lọ́rùn. Àwọn yòókù lọ. Wọ́n lọ rẹ́re, wọ́n bọ̀ rẹ́re, ẹja kún ọkọ̀ wọn dé ẹnu. Ní ọjọ́ yẹn, gbogbo ààrò ló ń rú èéfín ní Ayétòrò àfi ti màmá mi, inú bí i gidigidi. Bàbá mi kò ṣàwáwí kankan. Ó ní, "Ohun tí mo rí, mo rí i. Àánú ni wọ́n bá pàdé." Bó ṣe tún rí irú omi bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ó tún jókòó sílé. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló lè ṣọ́ra bí ewu bá ń fi ara hàn lójoojúmọ́. Kí ènìyàn ṣọ́ra, kó pàdánù owó nítorí ìṣọ́ra náà, kí aládùúgbò rẹ̀ sì là nítorí pé kò ṣọ́ra, kó wá tún ṣọ́ra lẹ́ẹ̀kejì, ìwà nìyẹn. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ ló gbé e dé ọjọ́ ogbó.

Bàbá mi kì í bọ òkun. Ọmọ Àpọ́sítélì ni. Ní àwọn ìlú Ugbò tó yí wa ká, àwọn àgbà ń bọ Màlókun, wọ́n sì ní ọdún tí wọ́n ń ṣe fún un. Bàbá mi kò bá wọn lọ síbẹ̀, kò sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó máa ń sọ pé àwọn tó kọ́kọ́ gbé níwájú omi yìí mọ̀ pé ohun tó ju ènìyàn lọ ni, pé ìyẹn nìkan náà ti jẹ́ ìmọ̀. Tirẹ̀ ni Sáàmù 107, tó máa ń kà sókè kó tó jáde nílé. Ó mọ̀ ọ́n lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ohun kan ṣoṣo tó ń bí i nínú lójú òkun, ènìyàn ló ń ṣe é. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n lábẹ́ omi ni mò ń wí. Òfin ẹja pípa lójú òkun tí wọ́n ṣe ní ọdún 1992 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ wọ inú máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ láti etíkun, ìyẹn bí kìlómítà 9, kí àwọn apẹja kéékèèké lè rí ibi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lóru, wọ́n á paná, wọ́n á wọlé. Àwọ̀n tí apẹja fi owó èlé rà, tó dẹ sílẹ̀ lálẹ́, wọ́n á fà á ya lọ, kò sì ní rí ẹni tí yóò bi. Bàbá mi bá irú rẹ̀ pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó máa ń sọ pé òkun tó bá gba àwọ̀n òun, òun ti mọ ohun tí òun ṣe tó fi gbà á. Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Títí tó fi kú, kò rí ẹni tó dá a lóhùn.

Mo wá dé ibi tó le. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìròyìn ti mọ̀ pé òkun ń jẹ Ayétòrò. Ó ti jẹ ilé, ó ti jẹ ilé ẹ̀kọ́, ó ti jẹ ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ tí bàbá mi ti kọ́ṣẹ́. Àwọn ènìyàn ń sọ pé òkun bínú, pé òkun burú, pé òkun fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Bàbá mi kò fẹ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn. Ọ̀nà òkun, lójú rẹ̀, kò yí padà. Ohun tó wà lọ́nà rẹ̀ ni ó ń yí.

Ó wá kí mi ní Èkó nígbà kan, kí wọ́n tó fi yanrìn dí etíkun Victoria Island láti kọ́ Eko Atlantic. Mo mú un lọ sí Bar Beach. Omi ti dé ẹ̀gbẹ́ títì. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó bi mí pé, "Ta ló dá yanrìn dúró?" N kò mọ ìdáhùn nígbà náà. Láàárín ọdún 1908 sí 1912 ni ìjọba òyìnbó kó òkúta lé òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó, kí ọkọ̀ ńlá lè máa rí ọ̀nà wọlé. Ìgbì etíkun wa máa ń da yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Òkúta wọ̀nyẹn dá yanrìn dúró. Ní apá ìwọ̀-oòrùn wọn, ilẹ̀ ń gbòòrò. Ní apá ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, òkun jẹ ilẹ̀ tó ju kìlómítà kan lọ. Ènìyàn ló ṣe é, ìgbì ò ṣe ju ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bàbá mi dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ti rí i, láìsí ẹni tó sọ fún un.

Tiwa ní Ìlàjẹ tún yàtọ̀. Ihò jíjìn kan wà lábẹ́ òkun, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Avon; ọ̀pọ̀ yanrìn tó ń bọ̀ láti ìhà Èkó, inú rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ẹrẹ̀ ló kù fún wa, etíkun ẹrẹ̀ Màhín, tó gùn tó bí kìlómítà 75. Ẹrẹ̀ máa ń pa ìgbì, mo ti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì tó bá borí rẹ̀ kì í pẹ́ gbé e lọ. Ilẹ̀ náà kò ga rárá, ó sì ń rọra ń wọlẹ̀. Omi òkun ayé ń ga. Láti ọdún 1993 títí di àsìkò yìí, ó ti fi ohun tó lé ní sẹ̀ǹtímítà 10 ga sí i. Àwọn tó ń wa epo náà gbẹ́ odò wọ inú igbó omi kí ọkọ̀ wọn lè kọjá, omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, ó pa àwọn igi tí kò lè mu iyọ̀, gbòǹgbò tó di ilẹ̀ mú sì jẹrà. Ẹ kó gbogbo èyí pọ̀, kí ẹ wá sọ fún mi pé òkun ló burú.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá mi ṣì le, ìjọba gbé iṣẹ́ àgbàṣe jáde láti dáàbò bo etíkun náà. Ó ti lé ní 20 ọdún báyìí. Inú bàbá mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá yanrìn ni wọ́n máa kó wá tàbí òkúta, ó sì ní òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá àwọn ẹnjiníà sọ nípa ibi tí omi ti ń fà jù. Ó gbé agbádá tó ń wọ̀ lọ sí ìpàdé ìlú kọ́ sára ògiri dè wọ́n. Kò sí ẹni tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tún gbé iṣẹ́ náà jáde lẹ́ẹ̀kejì, síbẹ̀ omi kò yéé wọlé. Ní tirẹ̀, ó tú ilé rẹ̀, ó sún un sẹ́yìn, ó tún tú u, ó tún sún un. Pákó kan náà ló ń lò. Kò bú òkun nígbà kankan tó ń ṣe é.

Ojú rẹ̀ ti ṣú nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ. A ní kó jẹ́ kí a gbé e lọ sí ìlú Igbókòdá, níbi tí ilẹ̀ ti le, ó ní ta ni yóò máa bá òun ṣírò omi níbẹ̀? Orí ibùsùn ló ti ń fi etí gbọ́ ọ. Bí a bá wọlé kí i láàárọ̀, kí á tó bi í bí ara ṣe ń ṣe é, á ti sọ fún wa ibi tí omi dé. Ayétòrò ló kú sí, Ayétòrò la sì sin ín sí, ní itẹ́ òkú ìjọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó dá ìlú sílẹ̀.

Ibojì yẹn kò sí mọ́. Àbúrò mi ló pè mí lórí fóònù, ó ní, "Àǹtí, omi ti wọ itẹ́." Kí a tó débẹ̀, a ò rí ibi tí a lè tọ́ka sí. Ọ̀pọ̀ ẹbí ní Ayétòrò ló ní irú ìtàn yìí, kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn tó fẹ́ tù mí nínú sọ pé kí n má sunkún, pé òkun ló wá mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, pé bàbá mi fẹ́ràn òkun, òkun náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ire ni wọ́n fi ṣe. Ṣùgbọ́n n kò gbà á, n kò sì lè jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ lójú mi. Òkun kò mọ bàbá mi. Bàbá mi ló mọ òkun. Gbogbo iṣẹ́ mímọ̀ náà, apá kan ṣoṣo ló ti wá, apá tirẹ̀. Ká wá gbé ìfẹ́ fún omi tó gbé òkú rẹ̀ lọ, bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí nígbà tó wà láyé, ibojì náà ì bá wà níbẹ̀ lálẹ́ òní, màmá mi ì bá sì ní ibi tí yóò máa lọ jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí a pe ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jẹ́.

Ilé ìgbìmọ̀ kan tún ń sọ̀rọ̀ Ayétòrò báyìí, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tún ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ yín: bí ẹ bá dé Ayétòrò, ẹ má ṣe dúró sí etí omi ya fọ́tò kí ẹ padà. Àwọn àgbà apẹja ṣì kù níbẹ̀. Wọ́n mọ oṣù tí omi ń jẹ ilẹ̀ jù, wọ́n mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti ki àti ibi tó ti tín-ín-rín, wọ́n mọ ọdún tí igi ẹ̀gbà kan kú àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó ya àwòrán iṣẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí agbádá wọn náà retí ìpàdé tì lára ògiri.

Àwọn ẹbí ní kí a ṣe ìrántí bàbá wa lọ́dún yìí ní Igbókòdá, níbi tí ilẹ̀ ti le, tí àga ìjókòó kò ti ní rì. Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, màmá mi náà yẹ̀ ẹ́ wò, a sì fẹnu kò sí Ayétòrò. Ọjọ́ tí omi rọ̀ la mú, àbúrò mi ló ṣírò rẹ̀. A ó gbàdúrà nínú ìjọ láàárọ̀, lẹ́yìn náà a ó kó gbogbo ọmọ ẹbí lọ sí etí omi, ọkùnrin àti obìnrin, títí kan àwọn tí wọ́n bí sí Èkó àti Ìbàdàn tí wọn kò tíì rí òkun wa rí. Àbúrò mi yóò bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bóyá omi ń wọlé ni àbí ó ń fà, ẹni tó bá dáhùn yóò sì sọ ohun tó rí tó fi mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la ó jẹun. Ìrẹsì yóò wà, pupuru yóò wà, ẹja apo yíyan yóò wà, màmá mi ló ń mójú tó o. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ bá a wọ ọkọ̀ rí, a retí yín. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Igbókòdá, ẹ tètè dé èbúté láàárọ̀, nítorí ọkọ̀ kì í pọ̀ lọ́sàn-án.